Aṣọ Ìgbọ̀nwọ́ Mẹ́wàá ní Àjà Kẹjọ

Wọ́n fẹ́ wó agbo ilé wa ní Ìtòkú, kí wọ́n kó àwọn aláró inú rẹ̀ sínú ilé alájà mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tó bi aláró kan ṣoṣo léèrè ibi tí yóò gbé ìkòkò rẹ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Àlàájà, ni wọ́n fi lẹ́tà ètò náà lé lọ́wọ́, nítorí òun ni àgbà ilé. Kó tẹ̀ka sísàlẹ̀ ìwé kó tó di ọjọ́ Ajé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní sí yàrá fún un nínú ilé tuntun.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá ilé gíga o. Ètò ìlú ni mo kọ́ ní yunifásítì. Mo ti kọ ìwé gígùn pé bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i, òkè ni ìlú yóò máa gbà lọ. Nítorí náà mo ní kí Àlàájà tẹ̀ka. Ó wò mí bí aṣọ tí aró kò mú.

"Akọ̀wé, n kì í ra aṣọ tí n kò tú wò. Ta la ní nínú irú ilé bẹ́ẹ̀?"

Sikírátù ni, ọmọ àbúrò rẹ̀, tó ń gbé àjà kẹjọ ní Èkó.

Bá a ṣe kírun àsùbáà tán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta la forí lé ibùdókọ̀ Kùtọ̀, ká lè wọkọ̀ lọ sí Èkó. Àlàájà ru agbọ̀n kan. Àwọn aláró kì í lọ kí ọmọ wọn lọ́wọ́ òfo, aṣọ tó gbé fún Sikírátù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni. Ó fi ọ̀rá wé e, síbẹ̀ ó ń kán. Náírà méjì lẹ́nìkọ̀ọ̀kan la san wọ ọkọ̀ Pijó.

"Màmá, kí ló ń kán sí mi nínú mọ́tò?" awakọ̀ bi í.

"Aṣọ ni. Ó mumi yó ni. Ìwọ náà kì í mu?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ní Ẹwékorò, eruku sìmẹ́ǹtì ti sọ ewé kókò etí ọ̀nà di funfun. Awakọ̀ ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Èkó. Àlàájà mi orí. "Òkúta Ẹ̀gbá náà ni. Àwa ń gbé abẹ́ rẹ̀, àwọn ará Èkó ń gbé orí rẹ̀." Ní Ìfọ̀, a ra àgbàdo sísun ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ó jẹ ẹ́, ó ní tilé dùn jù ú lọ.

Lífìtì wà nílé Sikírátù lóòótọ́, ìyẹn àpótí irin tó ń fi okùn gbé ènìyàn ròkè. Wọ́n gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn pé ó bàjẹ́. Eruku orí pátákó náà ló sọ bó ti pẹ́ tó. A fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn.

Nílé wa, ènìyàn kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà onílé láìkí i. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà ní àjà kọ̀ọ̀kan, Àlàájà sì kí gbogbo wọn: "Ẹ kú ilé o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn títí a fi dé àjà kẹrin, tí ọkùnrin kan yọjú.

"Kí lẹ ń tà?"

"N kò ta nǹkan. Mo ń kọjá lọ ni."

"Ẹ ń kọjá lọ síbo?"

"Sókè."

Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàgà.

Nígbà tí a dé àjà kẹjọ, Sikírátù kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ Àlàájà. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: Àlàájà fẹ́ràn òkè yẹn. Atẹ́gùn ń fẹ́, ọ̀sà ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. "Ẹ̀fọn ò lè gun ibí," ó wí, inú rẹ̀ ń dùn. Lẹ́yìn náà ló tú aṣọ aró náà láti sá a sí fàráńdà. Ó kọ́kọ́ fi apá wọn fàráńdà náà: ìgbọ̀nwọ́ mẹ́fà. Aṣọ náà jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá. Ó jẹ́ kí mẹ́rin tó kù rọ̀ sísàlẹ̀.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ ariwo lábẹ́ wa, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn. Ìyá Ṣeun ni, láti àjà keje, ó gbé sùtánà funfun tó sá sí fàráńdà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀kán aró wà lára rẹ̀ bí àmì ara ẹtù.

"Ta ló ń rọ òjò aró? Ọ̀la ni ìsìn o! Ṣé báyìí ni mo ṣe máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Àlàájà dìde fún un. "Ẹ forí jì mí, ìyàwó wa. Nílé wa, ilẹ̀ ló ń gba ẹ̀kán aró. N kò rántí pé níbí, ilẹ̀ tèmi, òrùlé ẹlòmíràn ni. Kò tíì gbẹ. Níbo lomi wà?"

"Ìsàlẹ̀ ni."

"Ẹ jẹ́ ká sáré."

A tún sọ àjà mẹ́jọ kalẹ̀. Nídìí ẹ̀rọ omi, Àlàájà ká aṣọ sókè, ó fi ọṣẹ dúdú bo sùtánà. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi yí wa ká. "Wòlíì aláró!" ọ̀kan ń fi Ìyá Ṣeun ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín. Aró ṣí, ó ku ẹyọ kan bí ẹ̀wà létí aṣọ náà. Ọdún mẹ́ta ni Sikírátù ti ń gbé lórí Ìyá Ṣeun. Nídìí omi yẹn ni wọ́n ti mọ orúkọ ara wọn.

Nínú ọkọ̀ tí a bá padà, Àlàájà yíjú sí mi nígbà tí a kọjá Ìfọ̀.

"Akọ̀wé, mo lè sùn sókè yẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mo fi ń jẹun. O rí i, ilẹ̀ náà làwọn tòkè ti pàdé ara wọn."

A dé Ìtòkú nígbà tí wọ́n ń pèrun màgàríbì. Mo tú ìwé gígùn tí mo kọ ní yunifásítì wò. Ìkòkò kan kò sí nínú rẹ̀. Mo wá kọ àwọn ìbéèrè wa sẹ́yìn lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Àlàájà ti àtàńpàkò bọ ìkòkò aró, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ya àwòrán ilé náà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ buwọ́ lù ú: níbo ni ìkòkò aró wa mọ́kànlélógún yóò jókòó? Níbo la ó ti sá aṣọ ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá? Ta ni yóò ru omi aró gun òkè nígbà tí lífìtì bá kú? Ilẹ̀ mélòó lẹ máa fi sílẹ̀ fún wa nísàlẹ̀? Ìka Àlàájà wà lẹ́yìn ìwé. Ibi ìtẹ̀ka níwájú rẹ̀ ṣófo. Ìdáhùn yín la ṣí i sílẹ̀ fún.