Ohùn Tó Ń Ti Ìsàlẹ̀ Ẹ́ńjìnnì Wá

Bí mọ́tò bá ń ṣàárẹ̀, bàbá mi kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Etí ni wọ́n fi ń wò ó. Wọ́n á ní kí n tanná sí i, wọ́n á dijú, kí n tó mọ̀, wọ́n ti sọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá ń han goooro láàárọ̀, bẹ́líìtì ló ti dẹ̀. Bó bá ń gbọ̀n jìgìjìgì, púlọ́ọ̀gì kan ti kú. Wọ́n á wá máa fa wáyà àwọn púlọ́ọ̀gì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá yọ tí ẹ́ńjìnnì ò bìkítà, òun ni ọ̀lẹ. Bó bá ṣòro, wọ́n á fi ẹnu sukudiráfà kan ara ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ ti etí.

Èmi ọmọbìnrin ni wọ́n kọ́, torí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sí Èkó. "Ariwo òkè kì í pa mọ́tò," wọ́n máa ń wí. "Ti ìsàlẹ̀ ni kí o bẹ̀rù. Bí o bá gbọ́ kò-kò-kò nísàlẹ̀ nígbà tó ń gun òkè, bẹ́rìn inú ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ yẹn. Pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá tètè pa á, bẹ́rìn ló máa pààrọ̀. Ẹni tó bá ní kò séwu, ẹ́ńjìnnì ló máa wá kiri."

Dẹ́rẹ́bà ni bàbá mi níbi kan tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ohun ọ̀gbìn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ra bọ́ọ̀sì kékeré kan tí wọ́n lù ní gbàǹjo, ògbólógbòó tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò gbọ́ràn. Òun ni wọ́n fi ń kó àwọn ìyá abúlé wa àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì wọn lọ sí ọjà Ṣáṣá. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á fi kó àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun wa lọ́fẹ̀ẹ́. Mọ́tò yẹn ni kò jẹ́ kí bàbá mi darúgbó, àwọn fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ọjọ́ tó bá kú, ẹ máa gbé oúnjẹ wá bá mi nídìí ògiri."

Mo ti ń ṣe tíṣà ní Mọ́níyà nígbà náà, mọ́tò wọn ni mò ń wọ̀ lọ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bẹ ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó níwájú pé kó bọ́ sẹ́yìn, wọ́n gbé mi síbẹ̀. Ojú tì mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ wọn tíṣà yangàn ni. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kúrò lábúlé, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Tíṣà, báwo ló ṣe ń dún?" Èmi náà á ní, "Ó ń dún dáadáa, bàbá." Bí ẹní ń kí ẹnìkejì pé ṣé dáadáa lo jí ni mo kà á sí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo bá wọn nídìí ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi eyín di ìdí sukudiráfà mú, ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?" Wọn ò dáhùn. Mo tún un sọ, mo tiẹ̀ pariwo. Wọn ò bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rín bá kú mọ́ mi lẹ́nu.

Mo sáré lọ bá màmá mi, mo ní bàbá ò gbọ́ ohùn mi. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?" Àṣé tipẹ́ ni àwọn ará ìjọ wa ti ń fi òróró àdúrà pa bàbá mi létí, tí wọ́n ń ní ti ìrìn àjò ni. Àṣé ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá inú mọ́tò kì í pariwo mọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, tó jẹ́ ìjókòó dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ń gbá pẹ́pẹ́. Ẹnì kan ò pè wọ́n jọ kó ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá mi ní, "Má dójú ti bàbá rẹ o. Ọjọ́ tí o bá là á sí wọn létí ni wọ́n máa fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀." Mo jókòó, mo bá wọn ṣa ẹ̀wà.

Ọjọ́ Ajé kan ni mo gbọ́ ọ. À ń gun òkè, ó ń ti abẹ́ ẹsẹ̀ mi bọ̀: kò-kò-kò. Mo wo bàbá mi, orin ìjọ ni wọ́n ń kùn, ojú wọn tutù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wò mí. "Tíṣà, báwo ló ṣe ń dún?"

"Ó ń dún dáadáa, bàbá." Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Mo gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn yọ sí i. Mo ní ká yẹ ọ́ìlì wò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bu sí i. Mo ní ká gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Òjóò. Wọ́n dúró, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu mi. "Ṣé o gbọ́ nǹkan ni?" Olúwa ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi. Mo ní, "Rárá o. Mo kàn ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni." Bàbá mi bá fọwọ́ ara wọn pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. A fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì nítorí irọ́! Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pa irọ́ yìí.

Lọ́jọ́ ọjà kan, a kún fọ́fọ́, à ń gun òkè tó wà ṣáájú Mọ́níyà. Ó dún gbàù! Gbogbo mọ́tò mì, ó sì kú. Irin ti já nínú ẹ́ńjìnnì, ó dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ́ìlì dúdú ń ṣàn lọ lójú títì. Àwọn ìyá sọ apẹ̀rẹ̀ wọn kalẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ kan bàbá mi léjìká lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá wa," wọ́n wọ mọ́tò mìíràn lọ.

Ó ku àwa méjì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, bàbá mi tọwọ́ bọ inú ihò náà, wọ́n fa èérún bẹ́rìn yọ, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n ń yí i wò. "Eléyìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí," wọ́n ní. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ṣé o gbọ́ ọ?"

Mo ní, "Rárá, bàbá."

Wọ́n wo ẹnu mi títí.

"Ó ti lé lọ́dún kan tí etí mi ò gbé nǹkan kan lára mọ́tò yìí mọ́," wọ́n ní. "Kí lo rò pé mo gbé ọ síwájú fún? Àràárọ̀ ni mò ń bi ọ́."

Mo kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì, mo bú sẹ́kún. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi. Wọ́n ní kí n dìde, pé mò ń ba síkẹ́ẹ̀tì mi jẹ́, pé mo ti pẹ́ kí n tó dé ilé ìwé.

Wọn ò tún wa mọ́tò mọ́. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó nídìí ògiri kí wọ́n tó papò dà, oúnjẹ ni a sì ń gbé wá bá wọn lóòótọ́. Wọ́n ń bá mi ṣeré, wọ́n ń pè mí ní tíṣà, wọ́n ń gbàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n wọn ò bi mí léèrè ohun tí mo gbọ́ mọ́.