Wọ́n Wá Fín Oògùn sí Yàrá Wa

Lónìí ni àwọn wolé-wolé ní kí n kó gbogbo ohun tó wà nínú yàrá mi síta. Mo bi wọ́n pé, ṣé àti ìyàwó mi náà?

Oògùn ẹ̀fọn ni wọ́n pọ̀n wá sí Makun-Omi, ìlú wa, nínú agolo. Wọn ò ké àgò. Kí n tó dìde, ẹní mi ti wà níta.

Ọ̀gá wọn, ọmọ tí mo lè bí, ní, “Baba, ẹ pe ìyá kí wọ́n jáde. Oògùn yìí máa ń ta ni lójú.”

Mo ní, “Kò lè jáde. Orí sàréè rẹ̀ lo dúró sí.”

Ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò. Èkejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín: “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fín in. Ẹ̀fọn ò kúkú lè jẹ ìyá mọ́.”

“Ó ti jẹ ẹ́ tán. Ibà ló pa á. Nígbà tó ń gbọ̀n lórí ẹní tẹ́ ẹ jù síta yẹn, a ò rí yín.”

Mo jókòó ti sàréè náà. Ọ̀gá ní òfin ìjọba ni. Mo ní kó fín in mọ́ mi.

Ó fín in.

Ògiri tí ìyàwó mi fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ti funfun báláú. Ojú ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń sọ èyí fún ẹni tó ń bá mi kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní oògùn náà ò dáa. Ẹ ṣáà dá mi lóhùn: ṣé ẹni tó pẹ́ dé kì í ké àgò ni?