Ààwẹ̀ Tí Kò Ní Ìṣínu

Láti kékeré ni ohùn ọmọbìnrin mi ti máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bó bá ti ilé ìwé dé, kó tó bọ́ bàtà, á ti ké láti ẹnu ọ̀nà pé, "Mọ́mì, ebi í pa mi o!" Gbogbo àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́ ló mọ igbe yẹn. Bàbá rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti gbọ́ ọ lórí òkè Olósùnta, ká tètè wá nǹkan fún un. Olùkọ́ ni mí. Lọ́pọ̀ ìgbà, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ bọ̀ ni, iṣu ò sí lórí iná. Mo sì máa ń dá a lóhùn pé, "Ṣé èmi ni mo bí ebi ni?" Á rẹ́rìn-ín, á sì wá bá mi bẹ iṣu.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tí igbe yẹn dákẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdìrì, ó ní òun fẹ́ gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè ran òun lọ́wọ́. Ta ni yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ ní ìlú yìí pé kó má gbàdúrà? Ìjọ wa ń gba ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ́wọ́ nígbà náà, ó sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ààwẹ̀ ìjọ parí, tirẹ̀ ò parí. Ó ní òun fi ọ̀sẹ̀ kan kún un fún ìdánwò. Nígbà tó ṣe, ó ní ti àwọn ọ̀rẹ́ òun ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní fún orílẹ̀-èdè. Mo bi í pé orílẹ̀-èdè wo ló ní kéèyàn má jẹ ẹ̀wà. Kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn ìyá ìjọ a máa dì mọ́ mi lẹ́yìn ìsìn pé mo kú iṣẹ́, mo bí ọmọ Ẹ̀mí. Wọ́n fi í ṣe olórí àdúrà àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń kọrin bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní lẹ́pa, wọ́n ń bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Bó ṣe ń rù ni iyì rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

Ilé ni mo ti ń rí èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì ò rí. Irun rẹ̀ ń já sínú kóòmù. Ó ń wọ súẹ́tà ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àpáta ẹ̀yìn ilé wa gbóná débi pé èèyàn lè sá èlùbọ́ sórí rẹ̀ kó gbẹ kíákíá. Nǹkan oṣù rẹ̀ dá dúró. Ó ń rìn yí ilé ká bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé òun gan-an ló ń se oúnjẹ wa. Á gún iyán, á jọ̀lọ̀ bíi ti ìyá mi, á bù ú fún gbogbo wa, á dúró máa wo ẹnu wa, á sì ní òun ti ń gbààwẹ̀.

Àṣà kan wà ní ìjọ wa: ẹni tó pe ààwẹ̀ ló ń ṣí i. Pásítọ̀ á gbàdúrà sórí omi àti ọsàn, gbogbo ẹni tó gbààwẹ̀ á sì mu ọsàn tirẹ̀ níbẹ̀ kó tó lọ sílé. Ní òpin ààwẹ̀ olóṣooṣù kan, mo dìídì dúró sẹ́yìn láti wò wọ́n. Tàgbà tèwe ń fa ọsàn mu, wọ́n ń nu ọwọ́. Ọmọ mi ò sí láàárín wọn. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí i tó ń lọ sọ́nà ilé, tó ń yára. Ìgbà yẹn ló yé mi pé mo ti rí ọmọ yìí tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò sì tíì rí i kó ṣínu.

Kò pẹ́ sígbà náà ló dákú ní ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin gbọ́, ó ti Èmùré wá. Èèyàn dáadáa ni. Òun ló wẹ ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bí i. Ó wò ó tìtì, ó sì kọjú sí mi.

"Ìyàwó, éè ṣojú lásán o. Aráyé mọ̀ ọ́n sí. Ká gbé ọmọ lọ sórí òkè, kí àwọn aládùúrà gba ààwẹ̀ lé e lórí, kí òun náà bá wọn gbà á. Ó máa tú sílẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni mo ti dá a lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọmọ tí kò jẹun, ààwẹ̀ la tún fẹ́ lò fún un? Kò sẹ́ni tí yóò gbé e lọ sórí òkè kankan."

Ọkọ mi wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. Mo ní rárá o, ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹun. Ó bínú lọ. Inú mi bàjẹ́, ọ̀rọ̀ mi ò sì yí padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a wọkọ̀ lọ sí Adó, sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tí a bá níbẹ̀ obìnrin ni, kì í kánjú. Ó ní kí ọmọ náà kọ ẹ̀yìn sí ìwọ̀n nígbà tó ń wọ̀n ọ́n, kò sì ka nǹkan kan sókè. Ó ní kí n jáde díẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, ojú ọmọ mi ti wú. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ pé kì í ṣe ìdánwò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣáájú ààwẹ̀ náà, wọ́n ń wọn aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, aránṣọ sì ń ké ìwọ̀n oníkálukú sókè kí ìyàwó rẹ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó kan ìdí ọmọ mi, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní òróbó. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé.

Dókítà ní àìsàn ni, ó ń mú ọkàn, ó ń mú ara, kì í ṣe oríkunkun, kì í sì í ṣe ti aráyé. Ó ní ẹni tó ń ṣe é lè sanra, ó lè pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ̀rù oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ ni ká wò. Mo bi í pé kí ló yẹ kí ọmọ mi wọ̀n. Ó ní ara ò dọ́gba. Ìwọ̀n tó bá ń jẹ́ kí nǹkan oṣù rẹ̀ wá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, kí orí rẹ̀ gba ìwé, ìyẹn ni tirẹ̀. Ó ní ká máa fún un lóúnjẹ díẹ̀ díẹ̀ bí àwọn bá ṣe júwe rẹ̀, ká má rọ ọ́ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, torí ìyẹn náà léwu fún ara tí ebi ti pa pẹ́. Ká máa mú un wá kí àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ká jọ máa jẹun. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ìbáà ṣe ìyìn.

A délé, mo gbé ògì gbígbóná síwájú rẹ̀. Ó ní òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run, òun ò lè mu ún. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́. Mo mọ̀ pé ẹnu mi nìkan ò tó láti tú ẹ̀jẹ́. Mo wé gèlè mi, mo kọrí sílé pásítọ̀.

"Pásítọ̀, ẹ̀yin lẹ pe ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ọmọ mi ò tíì ṣínu. Mo wá pè yín kí ẹ wá ṣí i."

Mo rò pé yóò bá mi jiyàn, mo ti múra ìjà. Ó kàn wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ní, "Ṣebí mo ti sọ pé ọmọ yẹn ń rù jù?" Ó wọ bàtà, ó tẹ̀ lé mi.

Ó jókòó ti ọmọ náà nínú kíṣìnì wa. Ó gbàdúrà kúkúrú lórí omi àti ọsàn kan bó ṣe máa ń ṣe é. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tó o fẹ́ fi sin Ọlọ́run ti fẹ́ pa ọ́, Ọlọ́run ò sì bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Mo tú ọ sílẹ̀. Ààwẹ̀ yìí ti parí." Ó bó ọsàn náà, ó mu apá kan, ó na ìyókù sí i. Ọmọ mi sunkún títí, ó gbà á, ó mu ún. Mo rò pé ó tán.

Kò tán. Lọ́jọ́ kejì, ó ní inú òun kún. Mo bá oúnjẹ nínú abọ́ ewúrẹ́. Mo bá a tó ń yí ilé ká. Ó sọ̀rọ̀ sí mi tí ọmọ kì í sọ sí ìyá. Mo ti pinnu pé àìsàn yẹn ló ń sọ̀rọ̀, mo sì fi ìbínú mi pa mọ́ fún un. Mi ò fẹ́ kó rò pé ìbínú lè mú kí n má padà wá bá a. Mo gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé wa kí n máa wálé lọ́sàn-án. N óò bu oúnjẹ tèmi, n óò bu tirẹ̀, n óò jókòó. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ìdẹ́rùbà. Mo ń sọ ìtàn àwọn ọmọ kíláàsì mi, ó ń wo àwo, ọbẹ̀ ń tutù. Bó bá jẹ òkèlè méjì, mo dúpẹ́. Bí kò bá jẹ, mo tún padà wá ní ìrọ̀lẹ́.

Ìdánwò tó tìtorí rẹ̀ gbààwẹ̀ kọjá lọ láìjẹ́ pé ó wọlé ṣe é. Ọkọ mi ló sọ fún un, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀: "Ìdánwò á dúró dè ọ́. Wá ká lọ wo kòkó." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ sí oko ọ̀nà Ìsẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà bá ti gbà á láàyè, wọ́n á jókòó lábẹ́ igi, wọ́n á jọ sun iṣu jẹ. Mo gbé òfin kan kalẹ̀ nínú ilé: kò sẹ́ni tí yóò fi ara kí ara. Kò sí "o ti rù," kò sí "o ti sanra." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi padà wá bá wa ṣọdún, ó la ẹnu, ó rí ojú mi, ó ní, "Ẹ kú ulé o." Mo dì mọ́ ọn.

Ọdún ìkórè ìjọ ni mo ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn ìsìn, màmá àgbàlagbà kan fa ọmọ mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn, inú rẹ̀ dùn lóòótọ́, ó ní, "Háà, ó mà ti sanra, ẹ wò ó!" Mo ti ń bọ̀ láti gba ìjà náà jà. Ọmọ mi ló dá a lóhùn: "Ẹ ṣé, mà. Ara mi ló yá."

A kọrí sílé. Òkè Olósùnta wà lẹ́yìn wa, oòrùn ń ràn, èmi ń ronú ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, bó ṣe máa ń tì í mọ́rí bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. A dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró láti bọ́ bàtà, kò wojú mi.

"Mọ́mì, ebi í pa mi."

Kò pariwo rẹ̀. Ẹni tó wà ní ilé kejì ò lè gbọ́. Mo ní, "Ṣé èmi ni mo bí ebi ni?" Mo lọ mú iṣu, ó sì wá bá mi bẹ ẹ́.