Apá Ibi Tí A Kò Mọ̀

Ní ọjọ́ tí a sọ ọmọ mi àkọ́kọ́ lórúkọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ó dìde láti ki ọmọ náà. Ní ilé ọkọ mi ní Kétu, àwọn ọmọbìnrin ilé ni wọ́n máa ń ki ọmọ tuntun. Wọn á ki ìdílé bàbá rẹ̀ ná, wọn á sì wá ki ti ìyá rẹ̀. Ó ki ti bàbá títí, ohùn rẹ̀ dùn, àwọn àgbà ń mi orí. Nígbà tí ó kan ti ìyá, ó dúró, ó mu omi díẹ̀, ó ní, "Apá ibí yìí, àwa ò mọ̀ ọ́n." Ó bá jókòó. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ẹni tí a kò mọ oríkì ilé rẹ̀, ọmọ ẹrú ni.

Ó ti di ọdún méjìdínláàádọ́ta. Mo ti sin ọkọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ èdè Faransé, gbólóhùn náà kò kúrò létí mi. Obìnrin yìí kan náà ni ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí ní Titirou, ní Parakou níbí, nítorí pé àwọn ọmọ tirẹ̀ wà ní Kútọnu, wọn kò sì ráyè. Èmi ni mò ń po ògì rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n kò sí àìsàn tó mú ẹnu rẹ̀. Èmi arúgbó yìí, "ìyàwó" ni ó ṣì ń pè mí. Èmi náà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, "ọkọ mi" ni mò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kú: kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà padà.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń kàwé ní yunifásítì níbí, gbé ìwé ìtàn kan wálé. Ìwé àtijọ́ ni, ó nípọn, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹrú ní Amẹ́ríkà ni ó dá lé. Ó gbọ́dọ̀ dìde sọ̀rọ̀ lé e lórí níwájú kíláàsì. Gbogbo ẹni tó bá kàwé ni ó ti gbọ́ orúkọ ìwé náà. Èmi fúnra mi ti sọ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé mo ti kà á. Irọ́ ni mo pa. Ní báyìí tí awọ ti bo ojú mi, ọmọ náà ni ó ń kà á sókè fún mi lọ́sàn-án ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi a jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, a máa bi wá léèrè pé àdúrà àwọn fadá wo ni ẹ̀yin méjèèjì ń kà yẹn, tí kò ní àmín.

Pàṣán ni mo rò pé n ó bá pàdé nínú ìwé náà. Mo bá a pàdé, kò yà mí lẹ́nu. Àwọn nǹkan kékeré ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tí wọ́n tà ní ọmọ ọdún méjì, ta ni yóò sọ ibi tí ìyá rẹ̀ ti wá fún un? Olówó rẹ̀ fún un ní orúkọ, ó ń jẹ́ ẹ. Tí ó bá wá bímọ, kí ni yóò fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún? Ọmọ ọmọ mi dúró lẹ́nu ìwé kíkà, ó ní, "Màmá, ta ni ó máa ń ki irú wọn?" Mo ní kò sí. Ó ní kí ni wọ́n wá ń kọ́ ọmọ wọn. Mo ní kí ó máa kà á lọ.

N ó sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọwọ́ àwọn fadá ni bàbá mi dàgbà sí. Katekísìtì ni, iṣẹ́ náà ni ó gbé e wá sí Parakou. Kò sí mọ̀lẹ́bí kankan tó wá bẹ̀ ẹ́ wò rí. Nígbà tí mo bá bi í ní ìlú rẹ̀, a ní ọmọ ìjọ ni òun. Gbogbo ìgbà tí mò ń bínú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé bóyá òótọ́ ni ó sọ.

Nígbà tó ṣe, ọmọ náà bi mí bóyá àwọn ènìyàn tiwa náà ní ẹrú. Mo lè dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó lọ bi ìyá àgbà ẹnu ilẹ̀kùn, nítorí òun ni ó mọ ọ̀rọ̀ ẹrú jù nínú ilé yìí. Ìkà ni mo fi rán an, n kò ní purọ́. Ó mú fóònù rẹ̀ láti fi gba ohùn ìyá náà sílẹ̀, ó fa àpótí, ó jókòó tì í. Mo wọ ilé ìdáná, mò ń fọwọ́ ṣa ẹ̀wà lójú fèrèsé.

Ìyá náà kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹrú pọ̀ nílé àwọn bí adìyẹ, ó ka iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lóko. Ọmọ náà jẹ́ kí ó sọ tán, ó wá bi í ní ohun tí ìwé ti kọ́ ọ láti máa bèèrè: "Ìyá àgbà, oríkì ìyá ìyá yín ńkọ́?"

Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà. Mo ti gbọ́ tí ó ki gbogbo ayé, òkú àti alààyè, n kò gbọ́ kí ó ki ìyá ìyá rẹ̀ rí. Èmi olùkọ́, n kò kíyè sí i.

Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní wọ́n ra ìyá ìyá òun ni, ọmọdébìnrin kan tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Ìbàrìbá, ó sì lè jẹ́ ìtòsí ibi tí òun jókòó sí yìí gan-an. Títí tó fi kú ni àwọn ọmọ ilé ń sín Yorùbá rẹ̀ jẹ. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ilé dìde láti fi oríkì sunkún rẹ̀, wọn kò rí ohun tí wọn yóò pè. Àgbà wọn ní, apá ibí yìí, àwa ò mọ̀ ọ́n.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí," ó ní. "Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ẹnu wọn."

Mo gbé àwo ẹ̀wà jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò sílẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá sá kúrò lórí mi. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ mọ bí ó ti dùn yín tó, ẹ tún wá gbé e lé ọmọ mi lórí."

"Ìyàwó, bí n kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ojú tí wọ́n fi wò ọ́ lọ́jọ́ náà, èmi ni wọn ì bá fi wò."

Mo ní kí ó gbà á padà. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Kí ni n ó gbà padà? N kò purọ́, n kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ mọ̀ ọ́n? Ó yá, ki bàbá rẹ kí n gbọ́."

Mo gbé àwo ẹ̀wà mi padà sí ilé ìdáná. Ọmọ náà rọra pa fóònù rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kí a tó ṣí ìwé, ìyá náà ní kí a sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun ní èdè ènìyàn. Yorùbá ọmọ náà kò tó láti fi túmọ̀ ìwé, nítorí náà òun ń kà, èmi ń túmọ̀. A kò lè lọ jìnnà. Gbólóhùn méjì, ìyá náà á dá wa dúró: ta ni ó ń fún ọmọ yẹn lóúnjẹ, ṣé wọn kò ní ìbátan kankan ni, kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sá. Ọmọ náà ń kọ àwọn ìbéèrè náà sínú ìwé rẹ̀. Ó ní wọ́n sàn ju ti ọ̀jọ̀gbọ́n òun lọ.

Lánàá, a dé ibi tí obìnrin kan ti gbọ́ pé ìyá òun lè wà ní oko kan tí kò jìnnà. Ọmọ náà ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ọ, mo pa ẹnu mi dé. Ìyá náà ní kí ló sọ. Mo ní kí ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, n ó sì sọ ọ́ fún un.

Ó rò ó. Ó ní, "Jọ̀ọ́, ìyàwó, sọ èyí fún mi ná."

N kò gbọ́ "jọ̀ọ́" lẹ́nu rẹ̀ rí. Síbẹ̀ mo dìde, mo wọlé lọ kán òògùn sí ojú mi. Ọmọ náà tẹ̀ lé mi, ó ní ohun tí mo ṣe kò dára. Mo ní mo mọ̀. Mo jókòó díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń retí kí inú mi dùn.

Lẹ́yìn náà mo padà jáde, mo sì sọ gbólóhùn náà fún un. Kì í ṣe pé mo dárí jì í. Èmi náà fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin yẹn rí ìyá rẹ̀.