Háhá Tó Dáa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, mo fẹ́ ròyìn ohun tí háhá ẹyìn fojú mi rí l'Órè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé ẹ mọ háhá? Òun ni ohun tó máa ń ṣẹ́kù bí irun lẹ́yìn tí a bá fún epo tán lára ẹyìn. Ní Àgọ́ Aláyè tiwa, iná la fi ń dá.

Ilé iṣẹ́ kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sẹ́bàá Òrè. Wọ́n ń fi háhá àti sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe pátákó síílìn, àti abọ́ tí èèyàn lè lò dípò oníke. Ohun tí à ń dà nù! Ẹ ò rí i pé bísínẹ́ẹ̀sì ńlá nìyẹn?

Enjiníà wọn wá bá wa níbi tí ìyá mi àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fún epo. Ó ní ká kó háhá tó dáa wá, ẹrù píkọ́ọ̀pù kan. Abúlé kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú. Ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́ ibi tí wọ́n á máa sá háhá sí, wọ́n á gba àwọn obìnrin ibẹ̀ síṣẹ́, èmi tí mo kàwé díẹ̀ ni màá sì jẹ́ ọ̀gá wọn.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì Òrè. Ọjọ́ kejì ni mo lọ sọ fún wọn pé mi ò ṣe mọ́. Ẹ má bú mi o!

Ẹ wá wo ìyá mi! Ó jókòó ti òkìtì háhá, ó ń fọwọ́ fún un ní ìkúnwọ́ ìkúnwọ́. Èyí tí epo ò bá ti yọ lára rẹ̀, ẹ̀yìn ahéré ló ń sọ ọ́ sí. Ó ní ṣé háhá gbígbẹ la máa kó fún àlejò? Torí lọ́dọ̀ wa, háhá tó dáa ni èyí tí ìṣáná kan ṣoṣo bá kàn tó gbiná. Àwọn obìnrin náà ò tiẹ̀ fún epo wọn dópin lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n fi epo tí wọn ì bá tà sílẹ̀ nínú háhá, kó lè dáa.

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Èmi béèrè o! Mo béèrè ọjọ́, mo béèrè ọ̀nà, mo béèrè irú àpò. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní dáadáa.

Nígbà tí mo kó ẹrù náà dé ilé iṣẹ́ wọn, obìnrin tó ń yẹ ẹrù wò ki ọwọ́ bọ àpò àkọ́kọ́, ó sì fi háhá nu pépà funfun. Pépà pupa yòò. Ó ní gọ́ọ̀mù àwọn kì í mú nǹkan tó bá lépo, gbígbẹ táútáú ni àwọn ń fẹ́. Mo ní a lè lọ fọ̀ ọ́. Ó rọra dáhùn pé àwọn ará abúlé kan lọ́nà Ajue ti gbé tiwọn wá láàárọ̀, àwọn sì ti mú wọn. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ńṣe làwọn yẹn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú, àwọn ò rí háhá tó dáa kó wá, gbígbẹ nìkan ló kù lọ́wọ́ àwọn.

Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mi ò sunkún, mi ò bínú. Ara mi kàn kú. Mo jókòó sétí títì l'Órè, mọ́tò Benin ń kọjá, ti Èkó ń kọjá. Ẹnì kan na búrẹ́dì sí mi, mo rà á, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó gba iṣẹ́ mi ní gáréèjì kí mi, mo dá a lóhùn, àfi bíi pé ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti ń retí mi nílé. Ìyá mi ló kọ́kọ́ dìde: "Ọma mi, kí ghan fọ̀?" Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n wí. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, òótọ́ náà ni mo sì sọ.

"Màmá, wọ́n ní epo pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Ìyá mi fò sókè! Ó yíjú sí àwọn yòókù, ó ní ṣé òun ò sọ fún wọn? Ó ní kò sí háhá tó lépo bíi tàwọn ní gbogbo Odìgbó! Ọ̀kan nínú wọn dá orin ìdúpẹ́, wọ́n gbè é, wọ́n ń dì mọ́ mi. Mo dúró síbẹ̀ bí òpó. Títí dòní, mi ò tíì là á yé wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú nǹkan tó dáa wá, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi hàn yín. Owó wà nínú háhá, ó wà nínú ẹ̀gẹ́, ẹ má jẹ́ kí tèmi dẹ́rù bà yín. Àmọ́ dáadáa tiwọn lè má jẹ́ dáadáa tiwa.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti bá rí, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Ní pàtàkì, báwo lẹ ṣe sọ ọ́ fún ìyá yín? Láàárọ̀ yìí ni tèmi gbá iwájú ilé, tó ṣán koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí mọ́tò ilé iṣẹ́ náà lè ríbi yí.