Òpó Áńtẹ́nà Tó Hu Ewé

Nígbà tí bàbá mi ra tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó tà á fún un ní Ìkọ̀lé ní kó wá òpó gíga fún áńtẹ́nà rẹ̀. Kò sọ irú òpó tó yẹ kó jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu wa níbí. Bí ẹ bá pe òpó létí àgbẹ̀ oníṣu, òpó ọgbà iṣu ló máa wá sí i lọ́kàn. Igi tútù ni wọ́n sì fi ń ṣe òpó ọgbà iṣu. Ikán a máa jẹ igi gbígbẹ títí yóò fi wó lulẹ̀ tòun tiṣu tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n igi tútù á ta gbòǹgbò, á hu ewé, á sì máa ṣíji bo iṣu. Bàbá mi gé ẹ̀ka ìyeyè kan tó gùn, ó fi wáyà so áńtẹ́nà mọ́ orí rẹ̀, ó gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, ó sì rì í síbẹ̀.

Ìyá mi ní páìpù ni àwọn ará ilé kejì lò.

"Páìpù á dípẹtà," ni bàbá mi wí. "Eléyìí ò ní dípẹtà, ikán ò sì ní jẹ ẹ́."

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ilẹ̀ gbẹ, òpó náà sì ń yí wẹ́rẹ́ nínú ihò rẹ̀. Bí a bá fẹ́ wo iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Adó, a ó yí i kọjú sójú títì. Bí a bá fẹ́ wo ti apá Kwara, a ó yí i kọjú sílé ìdáná. Èmi ni mo máa ń yí i. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ilé ni mo sábà máa ń wà, ojú sì máa ń tì mí púpọ̀. Bí àlejò bá ti kún pálọ̀, ọ̀nà àtijáde ni mo máa ń wá. Òpó yíyí bá mi lára mu, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo ojú ń wò, kò sí ẹni tó ń wo ẹni tó ń yí òpó. Màá rọra yí i, màá béèrè láti ìta pé, "Ó ti dáa?" Wọ́n á ní, "Ó kù díẹ̀." Màá tún yí i. Wọ́n á ní, "Ó ti kọjá, dá a padà." Ohun tí mo mọ̀ nípa eré tí wọ́n ń ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn ò ju ẹ̀rín àwọn tó ń wò ó lọ.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tiransifọ́mà àdúgbò wa dún gbàù, iná sì lọ. Ti apá Kwara la ń wò lọ́jọ́ náà. A ò tún fojú kan iná títí iṣu fi fà kún orí ọ̀pá lóko. Tẹlifíṣọ̀n di ibi tí ìyá mi ń to aṣọ lé. Ìgbà yẹn ni òpó náà hu ewé.

Inú bàbá mi dùn bí ẹni pé wọ́n bímọ fún un. Ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé ìyeyè ju èèpo iṣu lọ, nítorí náà ó fi ẹ̀gún yí ìdí òpó ká. Ìyáálé ìyá mi kan wà tó ń gbé ilé tó dojú kọ tiwa, ìyá òdìkejì la máa ń pè é. Ó wá wò ó.

"Bàálé, ṣé áńtẹ́nà lẹ gbìn ni àbí ìyeyè?"

"Méjèèjì ni," ni bàbá mi dáhùn.

"Tó bá so, ẹ bá mi fi tẹlifíṣọ̀n kékeré kan pa mọ́."

Ní àsìkò náà ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣe ìsìn ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì wá láti Adó wá gbà á sílẹ̀. Ìyá mi wà lára àwọn akọrin. Wọ́n ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni wọn yóò fi í hàn. Ìyá mi sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, títí kan ẹni tó ń bá wa lọ ata. Ìyá òdìkejì, tó jẹ́ Kátólíìkì, ti wá bá wọn ṣe ìsìn náà. Ó gbọ́ ọ, ó sì mi orí.

"Ìyàwó, ẹ̀yìn gèlè ìyá kan lo dúró sí. Gèlè yẹn ni wọ́n máa fi hàn."

"Iwájú ni mo wà, ìyá wa."

"A ó jọ wò ó."

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi kò ti jẹun dáadáa mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kí ìyá òdìkejì fi ojú ara rẹ̀ rí i nínú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí iná dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó fò sókè, ó sì kó aṣọ kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí aago mẹ́rin tó lù, pálọ̀ ti kún. Ìyá òdìkejì gbé àpótí tirẹ̀ wá, ó jókòó síwájú pátápátá. Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n fọ́n gàrí sí i, ó sì ń hó. Mo jáde lọ yí òpó. Òpó ò yí. Mo fi èjìká tì í, ewé nìkan ló ń mì. Bàbá mi jáde, òun náà dì í mú. Àwọn ọkùnrin méjì tún kún un. Òpó dúró gbọn-in. Ó ti ta gbòǹgbò, ilé ìdáná ló sì kọjú sí.

"Ó ti mú," ni bàbá mi wí. Ó gbìyànjú láti bojú jẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnì kan ní ká gé e. Bàbá mi bi í bóyá wọ́n ń gé ohun tó ti mú nílé bàbá tirẹ̀. Ẹlòmíì ní, "Bí òpó ò bá yí, ẹ jẹ́ á yí ulé." Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n yí ojú rẹ̀ sápá Adó. Ni gbogbo èèyàn bá gbé àga wọn lọ sí òdìkejì pálọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo gàrí náà láti ibẹ̀.

Bàbá mi wá ní ká fi àkàsọ̀ ti òpó, kí ẹnì kan gùn ún, kó sì fi ọwọ́ yí áńtẹ́nà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò náà ṣì kéré, ó ní ẹni tó fúyẹ́ la nílò. Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn wò mí.

Nítorí pé obìnrin ni mí, ìyá mi wọ ṣòkòtò oko bàbá mi fún mi, ó fi okùn dì í nídìí. Mo gùn ún. Mo di irin áńtẹ́nà mú, mo yí i sójú títì, wáyà náà sì ń dá a padà. Bí mo bá ti fi í sílẹ̀, gàrí á dé. Mo ní láti dì í mú níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kígbe nínú ilé pé ó ti dáa. Mo gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ Àìkú ni àwọn àgbà máa ń lọ ìpàdé ẹbí, iwájú ilé wa ni wọ́n sì ń gbà. Bàbá àgbà kan dúró, ó gbójú sókè.

"Ọmọ yìí, kí lò ń wá lórí igi?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà," ni mo wí, mo sì kúnlẹ̀. Wọn kò kọ́ mi pé mo lè kí àgbà lórí ìdúró. Bí orúnkún mi ti tẹ̀ ni áńtẹ́nà mì, ariwo sì sọ nínú ilé. Mo dìde, ó mọ́. Ìyá méjì tún ń bọ̀.

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí mà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà." Mo kúnlẹ̀. Ariwo tún sọ.

Ìyá mi sáré jáde, gèlè rẹ̀ wọ́ sí èjìká. "Má kúnlẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú, ẹ má kí i. Tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣe."

Ó ṣì ń bẹ̀ wọ́n nígbà tí ariwo gba ilé kan: "Òun rèé! Òun rèé!" Ìyá mi yípadà, ó kọsẹ̀ lára ẹ̀gún tí bàbá mi fi yí òpó ká, ó já aṣọ gbà, ó sáré wọlé. Láti orí àkàsọ̀, mo gbọ́ pé orin ti tán, ohùn ọkùnrin kan ló kù nínú tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ̀rọ̀ nípa ajílẹ̀.

Mo na ọrùn sí fèrèsé, mo rí ìyá mi tó dúró láàárín pálọ̀, tó ń wo ìyá òdìkejì. Ìyá òdìkejì tún ìró rẹ̀ ró.

"Mo rí ọ," ló wí.

"Lóòótọ́ ni, ìyá wa?"

"Iwájú lo wà. Ẹnu rẹ là tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ka eyín rẹ. Mi ò rí gèlè kankan."

"Kí ni mo wá ń ṣe?"

"Ò ń kọrin, o sì ń wo inú ẹ̀rọ wọn bí ẹni tó fẹ́ rà á."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí ìyá òdìkejì tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì fi kún un pé ó kọrin ju gbogbo wọn lọ. Iná lọ, wọn kò tilẹ̀ bìkítà. Wọ́n ń tún un sọ lọ.

Èmi ṣì di áńtẹ́nà mú. "Ó ti dáa?" ni mo béèrè. Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Ọwọ́ ti ń ro mí nígbà tí ìyá òdìkejì gbé àpótí rẹ̀ jáde tó ń lọ sílé. Ó gbójú sókè, ó rí mi láàárín ewé pẹ̀lú ṣòkòtò bàbá mi.

"Ọmọ mi, sọ̀kalẹ̀. Ó ti dáa."

Mo kúnlẹ̀ lórí àkàsọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó pariwo.