Ọwọ́ Tí A Fi Dìbò fún Omi

Òórùn epo rọ̀bì ló jí wa láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò yẹn, kì í ṣe àkùkọ. Epo ti bo odò ẹ̀yìn ilé wa ní Warri, ó dúdú, ó ń dán, àwọ̀n gbogbo àdúgbò sì wà nínú ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, o mọ àwa Ìlàjẹ: bí epo bá dé, ẹnì kan kì í wo àwọ̀n ẹnì kejì níran. Èmi àti ọkọ mi, Ìyá Fúnmi, Mojísọ́lá, Comfort tó ń yan ẹja, gbogbo wa la jọ wọ́ wọn sókè, a fi ọṣẹ àti kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, a nu ọwọ́ wa mọ́ ìró, a sì gba ibùdó ìdìbò lọ.

Akínbọ̀ ọkọ mi ló ń du ipò kánsẹ́lọ̀, lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré kan tí àmì wọn jẹ́ ewé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ: kí omi wa padà mọ́. Festus, aṣojú ẹgbẹ́ ńlá, rí wa lórí ìlà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Leaf party! Goat go chop una!"

Akínbọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Festus, ewúrẹ́ gan-an ń mu omi."

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń ka ìbò lójú gbogbo wa. Àgùnbánirọ̀ obìnrin kan ń gbé ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewé. Ewé. Ni èyí tí epo yí gbọọrọ bá jáde, láti orí ewé dé orí àmì ẹgbẹ́ kejì. Ó yà á sọ́tọ̀. Òmíràn tún tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, títí òkìtì èyí tó bàjẹ́ fi ga ju ti ewé lọ.

Akínbọ̀ ní, "Ọmọ mi, epo ọwọ́ wọn nìyẹn. Wò ó, ewé ni wọ́n tẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bó bá ti kan àmì méjì, a ò lè kà á."

Festus alára ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú títí dòní ni ti rédíò. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ ewé fìdí rẹmi nítorí àwa ará etí odò ò bìkítà fún omi wa. Àwa! Ìwé mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí kò dìbò àti ẹni tí wọ́n da ìbò ẹ̀ nù.

Akínbọ̀ kú nígbà òjò tó kọjá. Èmi ni mo fọ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sínú pósí. Mo lo ọṣẹ, mo lo kẹrosíìnì. Dúdú epo abẹ́ èékánná rẹ̀ ò lọ. Mo ní kó máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bi í lọ́run pé kí ló ṣe nípa omi wa, kó na ọwọ́ rẹ̀ sí wọn.